Mọ́tò Tó Ń Sùn Ní Forestville

Bí ẹnì kan ní Ìbàdàn bá fẹ́ lọ sí òkè òkun fún oṣù mẹ́ta, ètò tó máa ń ṣe fún mọ́tò rẹ̀ kì í pọ̀. Yóò gbé e sínú ọgbà, yóò fa háńdìbíréèkì, yóò da tapólì bò ó, yóò wá fún àbúrò rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́: “Máa bá mi wọ́ọ̀mù ẹ̀ láràárọ̀ o.” Ó parí. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ètò yìí bó ṣe wà lọ sí Forestville, ní Prince George's County ní ìpínlẹ̀ Maryland, níbi tí àwọn èèyàn wa ò kéré sí, ohun tí a rò pé à ń fi tọ́jú ọkọ̀ ni yóò máa bà á jẹ́.

Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́. Lóru oṣù Kìíní, ó sábà máa ń lọ sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kì í ṣe ọdọọdún ni yìnyín ń pọ̀, àmọ́ èyí tó bọ́ ní pápákọ̀ òfurufú BWI ní oṣù Kìíní ọdún 2016 lé ní ínǹṣì 29. Síbẹ̀, iyọ̀ ni àwọn tó ni ọkọ̀ asáré, Corvette, Mustang tàbí Porsche, ń bẹ̀rù ju yìnyín lọ. Kí yìnyín tó bọ́ ni ọkọ̀ ìjọba ti máa ń fọ́n omi iyọ̀ sójú títì. Bó bá gbẹ tán, ẹ ó rí ìlà funfun gbọọrọ gbọọrọ lórí ọ̀dà. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí omi tètè dì, ṣùgbọ́n bó bá ta sí abẹ́ ọkọ̀, irin á tètè dógùn-ún. Táyà ìgbà ooru tó wà lẹ́sẹ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú máa ń le bí òtútù bá ti rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n 7 lọ, kì í di títì mú dáadáa mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ tabẹ́-tòkè, tí wọ́n ń gbé e wọlé títí di oṣù Kẹta.

Ẹ jẹ́ ká yẹ rédíétọ̀ wò. Nílé, bí mọ́tò bá gbóná lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, píọ̀ wọ́tà tí a rà lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri la máa ń dà sí i, a sì ń bá tiwa lọ. Ní Maryland, omi yẹn lè dì lóru. Omi tó bá sì dì máa ń fẹ̀ sí i ní bí ìdá 9 nínú 100. Kò sáyè tó máa fẹ̀ sí nínú ẹ́ńjìnnì, nítorí náà irin ni yóò là. Owó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ asáré tó là, èèyàn lè fi ra Corolla tòkunbọ̀. Kúláǹtì àti omi, ìdajì-ìdajì, ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ó lè gba òtútù tó lọ sísàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n 30 láìdì.

Wọ́ọ̀mù wá ńkọ́? Èyí ló máa ń ṣòro jù fún àwa láti gbà. Bí a bá tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú òtútù, tí a sì pa á, ọ̀rinrin tó jáde lára epo tó jó á dúró sínú sáléńsà àti ọ́ìlì, torí kò tíì gbóná débi tó fi máa gbẹ. Bátìrì tí a fi tan án kò sì tíì gba agbára rẹ̀ padà. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, nítorí omi àti ásíìdì ti wà nínú èyí tí wọ́n ti lò. Wọ́n á rọ epo kún táǹkì. Ẹ́tánọ́ọ̀lù tó wà nínú epo Amẹ́ríkà, tó sábà máa ń jẹ́ ìdá 10 nínú 100, a máa fa omi mọ́ra. Táǹkì tó bá kún kì í fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ tútù. Wọ́n á da oògùn tí kì í jẹ́ kí epo bàjẹ́ sí i, wọ́n á wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò ká kí oògùn náà lè dénú ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ìgbà tí òtútù bá lọ. Bátìrì nìkan ni kò ní í sinmi: wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fún un níná díẹ̀díẹ̀, torí pé alámù àti kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ń jẹ iná lọ ní tiwọn.

Háńdìbíréèkì, wọn kì í fà á. Páàdì lè lẹ̀ mọ́ irin. Igi ni wọ́n fi ń há táyà. Tapólì ọ̀rá sì ń sé ọ̀rinrin mọ́ ara ọkọ̀, aṣọ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ló dára.

Lójú tèmi, èkúté ló burú jù nínú gbogbo wọn. Á gba ihò sáléńsà tàbí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, á já fóòmù àga, á fi tẹ́ ìtẹ́ sórí fíltà, á wá máa gé wáyà jẹ. Áyọ́nì sípọ́ńjì, èyí tí a fi ń fọ ìkòkò gan-an, ni wọ́n ń kì bọ àwọn ihò wọ̀nyẹn. Wọ́n á wá lẹ bébà mọ́ sitiárì, kí ẹni tó bá fẹ́ tan ọkọ̀ lè rántí yọ ọ́.

Ẹni tó bá sì ń rò ó pé òun á dá ìnsọ́ránsì dúró, níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ ò ti rìn, kó má ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí nọ́ńbà Maryland ṣì wà lára rẹ̀. Kó kọ́kọ́ dá nọ́ńbà náà padà fún MVA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò san owó ìtanràn.