Bí oníṣòwò ìrẹsì ṣe dá tẹlifíṣàn Zee sílẹ̀ ní Íńdíà, tí ọ̀rẹ́ fi di ọ̀tá, tílé ọ̀hún sì fẹ́ẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́

Ìrẹsì ni Subhash Chandra ń tà kó tó di pé ó ń ta eré. Ìdílé oníṣòwò ọkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1950, lágbègbè Hisar, ní apá àríwá Íńdíà. Kò kàwé jìnnà tó fi wọ òwò. Láti ọdún 1981 ni ìrẹsì ẹ̀ ti ń lọ sí Soviet Union. Ó tún dá iléeṣẹ́ tó ń ṣe rọ́bà tí wọ́n ń rọ ọṣẹ ìfọyín sí sílẹ̀, nígbà tó sì di 1989, ó ṣí ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan sí Bombay, ìlú tí wọ́n ń pè ní Mumbai báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ nígbà yẹn pé bàbá onírẹsì yìí ló máa yí ohun táwọn ará Íńdíà ń wò lálẹ́ padà, ẹ̀rín ni wọn ìbá fi tọ́hùn rín.

Ìjọba ló ni tẹlifíṣàn ní Íńdíà lásìkò náà. Doordarshan ti wà láti 1959, òun nìkan ló sì ń jayé orí ẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò léré tó dáa o. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Ramayan láàárọ̀ Sunday, ní 1987 sí 1988, ṣe ni títì máa ń dá wáí. Àmọ́ ẹni tóhun tíjọba gbé jáde ò bá tẹ́ lọ́rùn, kò fi bẹ́ẹ̀ síbòmíì tó lè yí i sí, àfi kó pa á, kó lọọ sùn.

Ogun Gulf ti 1991 ló já okùn náà. Àwọn èèyàn fẹ́ẹ́ wo ogun lórí CNN, làwọn ọ̀dọ́ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abọ́ sátẹ́láìtì sórí òrùlé, wọ́n ń fa wáyà láti ilé kan sí òmíràn, wọ́n sì ń gbowó oṣù lọ́wọ́ ará àdúgbò. Ọdún náà ni ìdílé Li Ka-shing, olówó Hong Kong, dá STAR TV sílẹ̀, ìyẹn náà sì ń já wọ Íńdíà látojú ọ̀run. Àbùkù ẹ̀ ni pé òyìnbó ló ń sọ ṣáá. Ibẹ̀ ni Chandra ti rí ọ̀nà.

Ó gba Hong Kong lọ, ó ní kí wọ́n háyà àyè kan fóun lórí sátẹ́láìtì AsiaSat. Ojú yẹpẹrẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi wò ó. Lójú tiwọn, owó wo ló tún wà ní Íńdíà téèyàn fẹ́ẹ́ rí pa? Chandra ò bá wọn jiyàn, ó lóun á máa san mílíọ̀nù dọ́là márùn-ún lọ́dọọdún. Ohùn wọn bá yí padà. Lóṣù kẹwàá, 1992, Zee TV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun sì ni tẹlifíṣàn aládàáni àkọ́kọ́ tó ń fi èdè Hindi ṣeré lórí sátẹ́láìtì fáwọn ará Íńdíà.

Ṣùgbọ́n òfin ò gbà kí aládàáni máa tàtagbà látinú ìlú. Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Wọ́n á ya eré ní Bombay, wọ́n á di kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sínú bàálù, ó di Hong Kong, ibẹ̀ ni wọ́n á ti jù ú sókè kó tó padà wá já sílé àwọn ará Bombay. Ẹ ò rí nǹkan! Eré tí wọ́n ṣe lẹ́yìnkùlé ẹni, òkè òkun ló ń gbà wọ pálọ̀ ẹni.

Ọ̀nà tó gbà wọlé ò tiẹ̀ kan àwọn tó ń wò ó. Lọ́dún 1993, wọ́n gbé Tara jáde, ìtàn àwọn obìnrin ìlú ńlá tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń fẹ́ ẹni tó bá wù wọ́n, tí wọ́n sì ń kọ ẹni tí kò bá wù wọ́n. Rajat Sharma náà ń gbé àwọn olóṣèlú sínú àpótí bíi ti kóòtù nínú Aap Ki Adalat, ó ń da ìbéèrè bò wọ́n. Antakshari, ìdíje orin fíìmù ni: lẹ́tà tẹ́gbẹ́ kan bá parí orin sí lẹ́gbẹ́ kejì gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Nígbà tó di 1995, Sa Re Ga Ma tí Sonu Nigam ń darí bẹ̀rẹ̀, ọdún yẹn náà sì ni ọmọbìnrin kan tí kò ju bí ọmọ ogún ọdún lọ, Ekta Kapoor, gbé Hum Paanch jáde lórí Zee. Ẹ jẹ́ kí orúkọ yẹn wà lọ́kàn yín.

Kó tó dìgbà náà ni Rupert Murdoch ti dé. Ó ra STAR lọ́dún 1993, kò sì pẹ́ tó fi ra ìdajì Zee pẹ̀lú. Àdéhùn wọn ni pé STAR ò ní í dá sí eré Hindi, ti Zee nìyẹn. Àmọ́ nígbà tó di 1996, STAR Plus bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Hindi, lọ̀rẹ́ bá gbé ara wọn dé kóòtù. Lọ́dún 1999, Chandra san owó tó súnmọ́ 300 mílíọ̀nù dọ́là kí Murdoch tó kó ìpín ẹ̀ kúrò. Ó rò pé òun ti bọ́, kò mọ̀ pé STAR náà ti bọ́ lọ́wọ́ àdéhùn ni.

Ọjọ́ kẹta, oṣù keje, 2000, ni STAR Plus gbé Amitabh Bachchan jáde pẹ̀lú Kaun Banega Crorepati, ẹni tó bá mọ ìdáhùn lè gba mílíọ̀nù mẹ́wàá rupee. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni Kyunki Saas Bhi Kabhi Bahu Thi bẹ̀rẹ̀, ìtàn ìyá ọkọ àti ìyàwó ilé, ọdún mẹ́jọ gbáko ló sì fi wà lórí afẹ́fẹ́. Ta ló ṣe é? Ekta Kapoor ni! Zee sáré gbé ìdíje tiẹ̀ jáde, ó ní mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún rupee lòun máa fún ẹni tó bá jáwé olúborí, Anupam Kher àti Manisha Koirala ni wọ́n sì fi darí ẹ̀. Owó yẹn po ìlọ́po mẹ́wàá ti STAR, síbẹ̀ àwọn èèyàn ò yà síbẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n ti ká a kúrò ńlẹ̀.

Ó pẹ́ kí Zee tó gbérí padà. Eré Ekta náà ló sì tún ràn wọ́n lọ́wọ́: Pavitra Rishta ní 2009, Kumkum Bhagya ní 2014. Àwọn tó ń wo Zee World ní Nàìjíríà, èyí tó dé orí DStv lóṣù kejì, 2015, mọ èyí tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Twist of Fate ni wọ́n pè é fún wọn, wọ́n sì ti fi òyìnbó rọ́pò Hindi ẹnu àwọn òṣèré.

Ohun tó mì ilé Chandra kọjá eré. Ẹbí náà yáwó ńlá fún iṣẹ́ bíi títì, ìpín wọn nínú Zee ni wọ́n sì fi ṣe ìdógò. Lóṣù kìn-ín-ní, 2019, gbèsè wọ̀ wọ́n lọ́rùn débi pé Chandra kọ lẹ́tà ìta-gbangba, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó yá wọn lówó. Wọ́n ta ìpín títí, àwọn tó ní ju ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tẹ́lẹ̀ ò ní ju nǹkan bí ìdá márùn-ún lọ mọ́ nígbà tọ́dún náà fi máa parí. Chandra fúnra ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nípò alága ní November.

Lọ́dún 2021, Sony gbà láti da iléeṣẹ́ tiẹ̀ pọ̀ mọ́ Zee, káwọn méjèèjì di ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ẹni tó máa ṣolórí, bóyá Punit Goenka, ọmọ Chandra, ni àbí ẹlòmíràn, wà lára ohun tó dá wàhálà sílẹ̀. Lóṣù kìn-ín-ní, 2024, Sony ní òun ò ṣe mọ́. Ní November ọdún náà, àwọn onípìn-ín ò dìbò tó pọ̀ tó fún Goenka láti padà sínú ìgbìmọ̀ olùdarí.

Ẹbí náà tún gbìyànjú. Lóṣù keje, 2025, wọ́n fẹ́ káwọn onípìn-ín fọwọ́ sí i káwọn ra ìpín táwọn ní dé ìdá 18.4. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ni wọ́n nílò. Èyí tí wọ́n rí ò pé 60.