Ẹ̀rọ Ìpamọ́ Inú Ilé àti Bí A Ti Ń Dán An Wò

Bí obìnrin kan bá lọ ra àmù ní Dada, ní àdúgbò Òkèlele ní ìlú Ìlọrin, kì í gbé e rù kí ó tó dán an wò. Yóò fi ìka lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì dẹ etí sí ohùn rẹ̀. Àmù tí kò ní àbùkù a máa dún gooro. Èyí tí ó bá ti sán, ohùn rẹ̀ a ha. Òfìfo ni àmù náà wà nígbà tí ó ń dán an wò, nítorí pé bí omi bá ti kún inú rẹ̀ tán kí a tó mọ̀ pé ó sán, omi ti ṣòfò. Ọgbọ́n yìí gan-an ni ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ ìpamọ́ sí ilé rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lò.

Ìlọrin jẹ́ ìlú àwọn onímọ̀. Láti ìgbà Ṣéù Àlímì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ni àwọn aáfáà ìlú náà ti ń kọ ìwé ní èdè Lárúbáwá, tí wọ́n sì ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Yorùbá pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí ṣì wà nínú àpótí ní agboolé wọn, níbi tí ikán, òjò àti iná ti jẹ́ ọ̀tá wọn. Kwara State University, tí a dá sílẹ̀ ní Màlété ní 2009, ní ibùdó kan tí ń ṣe ìtọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nínú ilé, àwọn ọmọ ìwòyí a máa fi tẹlifóònù ya àwòrán ojú ìwé baba ńlá wọn. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n bí olè bá gbé tẹlifóònù lọ, àwòrán bá a lọ. Nítorí náà ni irú ilé bẹ́ẹ̀ fi nílò àmù tí yóò gba ìwé rẹ̀.

Kí ni ẹ̀rọ ìpamọ́ yìí? Kọ̀ǹpútà kan ni, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa pa nǹkan mọ́, kí ó sì máa fi í fún àwọn ará ilé nígbà tí wọ́n bá béèrè. Wáyà ni ó so ó mọ́ rọ́ọ́tà, kí ẹni tí ó wà ní yàrá èyíkéyìí lè rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Orí dísìkì ni a ń kọ àwọn nǹkan náà sí. Dísìkì àkọ́kọ́ tí IBM gbé jáde ní 1956 ní àwo 50, kò sì gbà ju lẹ́tà mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Lónìí, dísìkì tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé ń gba ju ìlọ́po 500,000 rẹ̀ lọ.

Kíkọ́ ẹ̀rọ náà kò ṣòro. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí ara rẹ̀ ṣì le ti tó. A ó ra dísìkì méjì tí wọ́n tóbi dọ́gba, a ó sì fi ètò bíi TrueNAS sí i, èyí tí a lè gbà láìsan owó. Láti ara FreeNAS, tí Olivier Cochard-Labbé ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ni ó ti jáde. A ó pàṣẹ fún un pé ohun tí ó bá kọ sórí dísìkì kan ni kí ó kọ sórí èkejì. Ní 1988, Patterson, Gibson àti Katz ní Califonia kọ ìwé tí ó ṣe àlàyé bí àwọn dísìkì olówó pọ́ọ́kú ṣe lè gba ara wọn là báyìí.

Níbi tí kíkọ́ parí sí ni iṣẹ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀. Dísìkì tuntun pàápàá lè ní àbùkù láti ilé iṣẹ́, tàbí kí ó ti fara gbá lójú ọ̀nà. Ìrántí kọ̀ǹpútà ni a ó kọ́kọ́ dán wò, ní òru kan ó kéré tán, nítorí pé bí ìrántí bá ń ṣìṣe, àṣìṣe náà ni yóò kọ sórí dísìkì méjèèjì.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan dísìkì. Dísìkì a máa kọ àkọsílẹ̀ ìlera ara rẹ̀, títí kan iye ojú ibi tí ó ti bàjẹ́ lára rẹ̀. A ó kà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó kọ àmì kan kún dísìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó sì kà á padà láti mọ̀ bóyá ohun tí a kọ ni a bá níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a ń ṣe èyí, pẹ̀lú oríṣi àmì mẹ́rin. Lórí dísìkì tẹ́rábáìtì 4, ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bá parí, a ó tún ka àkọsílẹ̀ ìlera náà. Bí iye ibi tí ó bàjẹ́ bá ti lé sí i, kí a dá dísìkì náà padà fún ẹni tí ó tà á. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Kí a má gbàgbé pé ìdánwò yìí a máa pa gbogbo ohun tí ó wà lórí dísìkì rẹ́; òfìfo ni a gbọ́dọ̀ ti ṣe é.

Ìlọrin ní ìṣòro tirẹ̀. Bí iná mànàmáná bá lọ ní ọjọ́ kejì ìdánwò, a lè ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí bátìrì àti ínfátà ti wà nílẹ̀. Ooru oṣù Ẹrẹ́nà kì í ṣe kékeré, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ dísìkì kò gbọ́dọ̀ gbóná kọjá 60°C. Eruku ọyẹ́ pẹ̀lú a máa dí ojú fáànù, ooru a sì pọ̀ sí i. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni kí a gbé ẹ̀rọ náà sí, kí a sì máa nu eruku rẹ̀.

Ìdánwò kan ṣẹ́ kù. Kí a kó ìwé díẹ̀ tí kò ṣe pàtàkì sínú ẹ̀rọ, kí a pa á, kí a yọ dísìkì kan kúrò, kí a sì tún tan án. Bí a bá ṣì lè ka gbogbo ìwé náà láìsí èyí tí ó sọnù, tí ẹ̀rọ sì tún dísìkì yẹn kọ nígbà tí a dá a padà, ọkàn lè balẹ̀.

Síbẹ̀, dísìkì méjì nínú àpótí kan kì í ṣe ibi ìpamọ́ méjì. Bí ọmọdé bá ṣèèṣì pa àwòrán kan rẹ́, yóò pa rẹ́ lórí méjèèjì. Bí ilé bá jóná, méjèèjì yóò jóná pọ̀. Ní 2012, nígbà tí àwọn jagunjagun gba Timbuktu ní ilẹ̀ Mali, Abdel Kader Haidara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àpótí kó ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ jáde ní ìkọ̀kọ̀ lọ sí Bamako. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, àwọn jagunjagun náà dáná sun díẹ̀ nínú èyí tí ó kù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ ẹbí tí ń gbé ní ìlú mìíràn.

Ẹni tí ó bá kọ́ ẹ̀rọ tán a máa kánjú láti kó àwòrán baba rẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ó mú sùúrù. Àmù tí ó bá fọ́, a lè ra òmíràn ní Dada. Ṣùgbọ́n ìwé tí baba ńlá ẹni fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, bí ó bá ti lọ, kò sí ọjà tí a ti lè rà á.