Mariano Rivera, Ẹni tí ń Parí Eré

Eré kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí à ń pè ní bésíbọ́ọ̀lù. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le, alátakò rẹ̀ á di igi mú, á fẹ́ gbá a lọ jìnnà. Ìpín 9 ni eré náà ní.

Ó máa ń rẹ apá ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù kí eré tó parí. Nígbà náà ni wọn á pe ẹlòmíràn tó ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kó wá gbà á. Ẹni tí a bá pè ní ìpín ìkẹyìn, iṣẹ́ tirẹ̀ le o! Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe làálàá fún wákàtí púpọ̀, wọ́n sì fi díẹ̀ ṣáájú. Bó bá jù ú re, wọn á kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé ó dáàbò bo ìborí. Bó bá kùnà, làálàá gbogbo wọn já sí asán.

Ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí ni Mariano Rivera. Ilẹ̀ Panama ni wọ́n ti bí i ní 1969. Apẹja ni baba rẹ̀ ní abúlé Puerto Caimito, òun náà sì bá a ṣe iṣẹ́ ẹja. Nígbà tó wà lọ́mọdé, páálí ló fi ṣe ìbọ̀wọ́ tó fi ń gba bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ New York Yankees gbà á ní 1990. Ní 1992 wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìgúnpá ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tó fi ń jẹun náà nìyẹn.

Ní 1997 ni wọ́n fi iṣẹ́ ìparí eré lé e lọ́wọ́. Ní ọdún yẹn kan náà, bó ti ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó rí i pé bọ́ọ̀lù ń lọ tààrà, ṣùgbọ́n bó bá kù díẹ̀ kó débẹ̀, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í ṣe pé ó wá a o, ó kàn bá a pàdé ni. Bọ́ọ̀lù yìí ń ṣẹ́ igi mọ́ àwọn alátakò lọ́wọ́. Wọ́n mọ̀ pé òun ló ń bọ̀, síbẹ̀ wọn kò rí i gbá dáadáa.

Ṣé kò wá kùnà rí ni? Ó kùnà. Ní oṣù kọkànlá 2001, nínú eré àṣekágbá pẹ̀lú ẹgbẹ́ Arizona, Yankees fi 2 sí 1 ṣáájú nígbà tó wọlé ní ìpín kẹjọ. Ní ìpín kẹsàn-án, Arizona ló borí pẹ̀lú 3 sí 2. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni irú èyí ì bá ti lé kúrò lórí pápá. Rivera padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ní 2012, nígbà tó pé ẹni ọdún 42, orúnkún rẹ̀ já nígbà tó ń sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù kan. Ó tún padà ní 2013, ó parí ọdún náà, ó sì fi eré sílẹ̀. Ìgbà 652 ló ti dáàbò bo ìborí, kò tíì sí ẹni tó bá a. Ní 2019, akọ̀ròyìn 425 dìbò bóyá kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí ilé ọlá eré náà. Gbogbo àwọn 425 ló fọwọ́ sí i. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀.