Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé: Ṣé orúkọ burúkú tọ́ sí orin heavy metal?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2003, ọlọ́pàá kó ọ̀dọ́ 14 ní ìlú Casablanca, lórílẹ̀-èdè Morocco. Wọn kò jalè, wọn kò sì lu ẹnikẹ́ni. Orin ni wọ́n fẹ́ràn, àwọn mìíràn nínú wọn sì jẹ́ olórin. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀ ni pé wọ́n ń bọ Sàtánì, wọ́n sì fẹ́ ba ìgbàgbọ́ àwọn Mùsùlùmí jẹ́. Lára ẹ̀rí tí wọ́n kó wá sílé ẹjọ́ ni ṣẹ́ẹ̀tì dúdú àti àwo orin. Adájọ́ sọ wọ́n sẹ́wọ̀n, láti oṣù kan títí dé ọdún kan. Ìgbà tí ariwo pọ̀ nígboro ni kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tó dá 11 nínú wọn sílẹ̀, tó sì dín ẹ̀wọ̀n àwọn mẹ́ta yòókù kù.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní Íjíbítì lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1997. Nǹkan bí 100 ọ̀dọ́ ni wọ́n kó lórí ẹ̀sùn kan náà, kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rí kò sí.

Orin heavy metal ló kó gbogbo wọn sí wàhálà. Ó ti lé ní 40 ọdún tí àwọn òbí, àlùfáà, olóṣèlú àti agbófinró ti ń sọ pé orin yìí ń ba ọmọ jẹ́, pé ó ń ti ọ̀dọ́ sí ìpànìyàn, pé ọ̀dọ̀ Sàtánì ló ti wá. Ẹ̀sùn ńlá nìyẹn, ó sì yẹ ká yẹ ẹ̀rí rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Níbo ni orin náà ti ṣẹ̀?

Birmingham ni, ìlú àwọn òṣìṣẹ́ irin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1968, ọ̀dọ́ mẹ́rin láti àdúgbò Aston kó ara wọn jọ: Tony Iommi, Ozzy Osbourne, Geezer Butler àti Bill Ward. Ọmọ mẹ̀kúnnù ni gbogbo wọn. Nígbà tí Iommi wà lọ́mọ ọdún 17, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ irin tó ti ń ṣiṣẹ́ gé orí ìka méjì ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló fi ń tẹ okùn gìtá. Wọ́n ní kó gbàgbé gìtá. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó yọ́ ike ìgò, ó fi ṣe ìbòrí fún orí ìka tó gé, ó sì wá okùn tí kò le. Nígbà tó yá, ó tún dẹ okùn náà kó lè rọrùn láti tẹ̀. Okùn tó dẹ̀ mú kí ohùn gìtá lọ sílẹ̀, kó sì wúwo. Ní ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù kejì ọdún 1970, àwo orin àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ wọn, Black Sabbath, jáde.

Ohùn tó ń dẹ́rù bani nínú orin yìí ní àlàyé. Bí a bá fi agbára tó pọ̀ ju èyí tí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè lè gbà rán ohùn gìtá sínú rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò gé orí ìgbì ohùn náà pẹlẹbẹ. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohùn kéékèèké mìíràn ti ń jáde lórí ohùn kan, tí gìtá fi ń ha bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ irin. Onílù a máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì lu ìlù ńlá. Ní ti àwọn tó ń kọrin bí ẹranko tó ń kùn, awẹ́ ẹran kan wà lókè tán-án-ná ọ̀fun tí a fi ń sọ̀rọ̀; òun ni wọ́n ń mú kó máa gbọ̀n. Àwọn ará Tuva ní Rọ́ṣíà náà ń lo awẹ́ ẹran yìí nínú orin ìbílẹ̀ wọn. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọ̀fun ni.

Báwo ni orúkọ burúkú ṣe ràn mọ́ ọn?

Ká sòótọ́, àwọn olórin náà dá kún un. Wọ́n ya agbárí òkú sára àwo, wọ́n dorí àgbélébùú kodò, wọ́n sì mọ̀ pé ìbẹ̀rù ń tà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1982, ní ìlú Des Moines ní Amẹ́ríkà, òǹwòran kan ju àdán sórí ìtàgé, Ozzy Osbourne sì gé e jẹ. Ó ní òun rò pé rọ́bà ni. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ láti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ní ọdún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ Iron Maiden gbé àwo kan jáde tí orúkọ rẹ̀ dá lórí ẹranko inú ìwé Ìfihàn. Àwọn onígbàgbọ́ kan ní Amẹ́ríkà dáná sun àwo náà ní gbangba.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dáná sun àwo kì í sábà fetí sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Orin Black Sabbath tó ń jẹ́ "War Pigs" (1970) ń bú àwọn tó ń rán ọmọ tálákà lọ sójú ogun. Orin Metallica tó ń jẹ́ "One" (1988) sọ ìtàn ọmọ ogun tí bọ́ǹbù gé ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Tom Araya, tó ń kọrin fún ẹgbẹ́ Slayer tí gbogbo ayé bẹ̀rù, sọ pé ọmọ ìjọ Kátólíìkì lòun. Bí wọ́n bá tilẹ̀ kọrin nípa iwin àti ọ̀run àpáàdì, ìtàn ni wọ́n ń pa. Fágúnwà kó iwin àti ẹbọra kún inú *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ní ọdún 1938, a sì fi kọ́ ọmọ ilé ìwé. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹni tó kà á ti di abòrìṣà.

Ní 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà. Àwọn ìyàwó olóṣèlú kan, Tipper Gore wà lára wọn, ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbógun ti orin tí wọ́n kà sí ìbàjẹ́. Wọ́n ní orin kan tí ẹgbẹ́ Twisted Sister kọ dá lórí ìbálòpọ̀ oníwà ipá. Dee Snider tó kọ ọ́ dìde níwájú àwọn aṣòfin, ó ní iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún ọ̀rẹ́ òun ní ọ̀fun lòun ń kọrin nípa rẹ̀. Ìjà ọjọ́ yẹn ló fìdí àlẹ̀mọ́ ìkìlọ̀ fún òbí múlẹ̀ lára àwo orin.

Kí ni kóòtù rí?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1985, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ní ìpínlẹ̀ Nevada mu ọtí, wọ́n fa igbó, wọ́n gbọ́ orin Judas Priest, kálukú wọn sì yìnbọn fún ara rẹ̀. Ọ̀kan kú lójú ẹsẹ̀. Èkejì kú lọ́dún 1988. Àwọn ẹbí gbé ẹgbẹ́ olórin náà lọ sí kóòtù ní ìlú Reno, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n fi pamọ́ sínú orin náà tó ń pàṣẹ ikú. Ní ọdún 1990, Adájọ́ Jerry Carr Whitehead gbọ́ tẹnu àwọn onímọ̀ ohùn àti onímọ̀ ọpọlọ. Rob Halford, akọrin ẹgbẹ́ náà, kọrin fún un nínú kóòtù. Ìdájọ́ rẹ̀ ni pé èémí akọrin àti ohùn gìtá tó ṣe kòńgẹ́ ara wọn ló jọ ọ̀rọ̀, kò sì sí ẹ̀rí pé ó pa ẹnikẹ́ni. Ó da ẹjọ́ náà nù. Ìyà tí àwọn ọmọ méjèèjì ti jẹ nínú ilé kí wọ́n tó gbọ́ orin kankan náà hàn kedere nínú ẹjọ́ yẹn.

Ẹjọ́ West Memphis, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, burú jùyẹn lọ. Lọ́dún 1993, wọ́n rí òkú ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ mẹ́ta. Ọ̀dọ́langba mẹ́ta ni wọ́n mú. Kò sí ohun kan tó so wọ́n mọ́ ibi ìpànìyàn náà tààrà, ṣùgbọ́n aṣọ dúdú tí ọ̀kan nínú wọn, Damien Echols, ń wọ̀ àti orin Metallica tó ń gbọ́ di ọ̀rọ̀ kóòtù. Wọ́n dájọ́ ikú fún un ní 1994, wọ́n sì rán àwọn méjì yòókù sẹ́wọ̀n gbére. Nígbà tí àyẹ̀wò DNA dé, wọn kò rí ti ẹnìkankan nínú wọn níbẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni wọ́n jáde, lẹ́yìn ọdún 18, lábẹ́ àdéhùn tó jẹ́ kí wọ́n máa sọ pé àwọn kò jẹ̀bi bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìjọba ṣì kà wọ́n sí ẹlẹ́bi. Kò sí ẹni tó lè dá ìgbà èwe wọn padà.

Iná Norway ńkọ́?

A kò gbọdọ̀ bo èyí mọ́lẹ̀. Láàárín 1992 sí 1996, wọ́n sun ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Norway, lára wọn ni ṣọ́ọ̀ṣì onígi àtayébáyé ti Fantoft nítòsí ìlú Bergen. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú ẹ̀yà orin yìí tí wọ́n ń pè ní black metal ló wà nídìí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1993, Varg Vikernes gún olórin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Øystein Aarseth, pa. Kóòtù sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 21 fún ìpànìyàn náà àti sísun àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan.

Ìwà ọ̀daràn pátápátá ni. Ṣùgbọ́n ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìwọ̀nba ọ̀dọ́ tó mọ ara wọn ló ṣe é, nígbà tí ẹgbàágbèje ènìyàn káàkiri ayé ń gbọ́ orin yìí tí wọn kò ṣá iná sí ilé ẹnikẹ́ni.

Ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí

Ní Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà, àwọn olùwádìí kó olólùfẹ́ orin líle 39 jọ, wọ́n ní kí wọ́n máa sọ nípa ohun tó ń bí wọn nínú títí inú fi bí wọn. Lẹ́yìn náà, àwọn kan gbọ́ orin wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn yòókù jókòó jẹ́ẹ́. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2015 fi hàn pé ìbínú àwọn tó gbọ́ orin rọlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti àwọn tó jókòó jẹ́ẹ́, orí wọn sì tún yá sí i.

Ní Yunifásítì Macquarie, ní orílẹ̀-èdè kan náà, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá orin oníwà ipá ti pa àánú nínú àwọn tó ń gbọ́ ọ. Wọ́n fi àwòrán ìwà ipá han ojú kan, wọ́n fi àwòrán lásán han ojú kejì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọpọlọ ọmọ ènìyàn a máa fiyè sí èyí tó ní ewu nínú jù. Èsì ọdún 2019 fi hàn pé olólùfẹ́ 32 tó ń gbọ́ death metal, ẹ̀yà metal tó ń kọrin ìwà ipá, náà ṣe bíi ti àwọn 48 tí kì í gbọ́ ọ: ìwà ipá ṣì ń ká wọn lára.

Òótọ́ ni pé àwọn tí wọ́n dán wò kò pọ̀, ẹni tí kò fẹ́ràn orin yìí sì lè má rí ìfọ̀kànbalẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí èyí tó gbe ẹ̀sùn náà lẹ́yìn nínú méjèèjì.

Ibi tí ẹ̀sùn ti múlẹ̀

Ariwo rẹ̀ léwu. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọ̀dọ́ tó lé ní bílíọ̀nù kan ni etí wọn wà nínú ewu nítorí orin tó ń pariwo jù, wọ́n sì ní kí ìró gbọ̀ngàn orin má ṣe ju desibẹ́ẹ̀lì 100 lọ. Oògùn olóró àti ọtí ti pa olórin metal púpọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan ń fi black metal tan ìkórìíra ẹ̀yà kálẹ̀, ó sì yẹ kí gbogbo ènìyàn kọ̀ wọ́n. Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé ọmọ tí ìbànújẹ́ ti bá tẹ́lẹ̀ ni orin líle ń fà mọ́ra; ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi rí orin àti ìbànújẹ́ pọ̀, tí wọ́n sì sọ pé orin ló fà á.

Ohun tí metal ń ṣe láyé lónìí kì í ṣe èyí nìkan. Ní Indonesia, ọ̀dọ́bìnrin mẹ́ta tó ń wé hìjáàbù dá Voice of Baceprot sílẹ̀ ní ilé ìwé wọn lọ́dún 2014. Lọ́dún 2024, wọ́n ṣeré ní Glastonbury. Ní Rio de Janeiro, ẹgbẹ́ Gangrena Gasosa ń da gìtá líle pọ̀ mọ́ ìlù àwọn olórìṣà, tí ẹnì kan nínú wọn sì ń múra bí Ọmọlú. Ní 5 oṣù keje ọdún 2025, Black Sabbath ṣeré ìdágbére ní pápá Villa Park ní Birmingham fún ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé, ilé ìtọ́jú ọmọ tí àìsàn rẹ̀ kò ní ìwòsàn, àti ìwádìí lórí àrùn Parkinson. Ozzy kú lọ́jọ́ 17 lẹ́yìn náà.

Ìdájọ́ mi nìyí: púpọ̀ nínú orúkọ burúkú náà kò tọ́ sí i. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùsọ́àgùntàn àti ààfáà, bí ọmọ yín bá ń gbọ́ orin tí kò bá yín lára mu, ẹ jókòó tì í, ẹ bi í ohun tó rí nínú rẹ̀, ẹ sì ní kó dín ìró rẹ̀ kù nítorí etí rẹ̀. Bí ọmọ kò bá sùn mọ́, tí kò jẹun, tí ó ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kíákíá, ì báà jẹ́ metal, fújì tàbí orin ìyìn ló ń gbọ́. Ẹ wo ọmọ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó wo orin rẹ̀.