Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Tó Ń Padà Wá

Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti kọlù lẹ́ẹ̀mẹta mọ bó ṣe máa ń rí: ara á yá, ẹ̀rín á tún máa jáde, títí ooru oṣù kẹrin Sókótó á fi gba oorun lójú ẹni, tí ọjà ò ní tà, tí gbogbo rẹ̀ á sì tún dojú rú. Ooru àti àìrọ́jàtà ń bá gbogbo ará ìlú jà. Lọ́kàn ẹni tó ti ní àìsàn yìí rí, ìbànújẹ́ kékeré a máa jí àwọn èrò àtijọ́: "Mi ò wúlò." "Ó tún ti dé." Èrò kan á bí òmíràn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ibẹ̀ gan-an la ti lè dí i lọ́nà.

Ní ọdún 2000, àwọn olùwádìí John Teasdale, Zindel Segal, Mark Williams àti àwọn ẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí jáde lórí ènìyàn 145 tí ara wọn ti yá. Nínú àwọn tó ti ní in lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 66 nínú 100 lára àwọn tó gba ìtọ́jú wọn nìkan ló tún padà ṣàìsàn láàárín ọdún kan ó lé díẹ̀. Láàárín àwọn tó fi ọ̀sẹ̀ 8 kọ́ ìfiyèsí (mindfulness), ìyẹn fífi ọkàn sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, kún ìtọ́jú wọn, 37 ni. Kò ṣe irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ní in lẹ́ẹ̀mejì péré, nítorí náà a ò ní pè é ní gbogboǹṣe.

Bí a ṣe ń ṣe ìfiyèsí nìyí: bí ẹ bá ń bọ́jú láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín wà lára omi náà: bó ṣe tutù, bó ṣe ń ṣàn gba ìgúnpá kán sílẹ̀. Ọkàn á sá lọ sórí owó ilé ìwé. Ẹ má bá a jà. Ẹ rọra mú un padà. Àwọn kan rò pé bó ṣe sá lọ yẹn ni àṣìṣe. Rárá o, mímú un padà ni iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ń ṣe é lójoojúmọ́ nígbà tí ara yá á lè gbọ́ "mi ò wúlò" lọ́jọ́ tí nǹkan bá le, á sì mọ̀ pé èrò lásán ni.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ẹ̀sìn ni. Lóòótọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni wọ́n ti rí i, àmọ́ kò sí àdúrà tàbí ìjọsìn kankan nínú rẹ̀. Kò dí ìrun lọ́wọ́, kò sì dí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ká wá da oògùn nù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2015 lórí ènìyàn 424 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọdún 2, 44 nínú 100 ló padà ṣàìsàn lára àwọn tó kọ́ ìfiyèsí tí wọ́n sì ń dín oògùn kù, 47 lára àwọn tó ń lo oògùn lọ. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, dókítà ló sì ń tọ́ àwọn tó ń dín oògùn kù sọ́nà.

Bí àìsàn bá ti wọra, ìtọ́jú ló kọ́kọ́ kàn. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àìsàn ọpọlọ wà ní Kware, kò jìnnà sí ìgboro Sókótó. Ẹ sọ àmì tó máa ń fi hàn pé àìsàn yín ń padà bọ̀ fún ẹnì kan nínú ilé nísinsìnyí, bóyá oúnjẹ tí ẹ kì í parí mọ́ tàbí fóònù tí ẹ kì í gbé, kí ó lè tètè mú yín lọ sílé ìwòsàn. Bí èrò ikú bá sì dé, ẹ má dá wà; ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n mú yín lọ.