Ìgbéléwọ̀n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkàndá nínú ẹ̀kọ́ àkànṣe

Ìgbéléwọ̀n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkàndá jẹ́ ètò tí àwọn olùkọ́, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti àwọn òbí fi ń wádìí ohun tí ọmọ kan mọ̀, ohun tí ó lè ṣe, ibi tí ẹ̀kọ́ ti ń ni ín lára, àti irú ìrànlọ́wọ́ tí ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe fún un. Òun ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ àkànṣe, nítorí pé orí àbájáde rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìpinnu kà nípa kíláàsì tí ọmọ náà yóò wà àti ohun tí wọn yóò kọ́ ọ. Bí ìgbéléwọ̀n bá péye, ọ̀nà ẹ̀kọ́ lè ṣí fún ọmọ tí wọ́n ti kà sí olódo. Bí ó bá wọ́, ọmọ tí kò ní àìlera kankan lè lo gbogbo ọdún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbi tí kò yẹ ẹ́.

Ìyàtọ̀ láàárín ìdánwò àti ìgbéléwọ̀n

Ìdánwò jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ ìgbéléwọ̀n, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ìdánwò máa ń parí sí máàkì. Ìgbéléwọ̀n ń wá ohun tí ó fa máàkì náà. Bí àpẹẹrẹ, ọmọ mẹ́ta lè gba òdo nínú ìdánwò ìwé kíkà kan náà. Ọ̀kan kò rí ojú pátákó dáadáa. Èkejì kò gbọ́ ìró tí olùkọ́ ń pè. Ẹ̀kẹta ríran, ó sì ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ó ní dyslexia, ìyẹn ìṣòro síso lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró. Máàkì wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n awò ojú ni ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ni ti èkejì, ọ̀nà ìkọ́ni mìíràn sì ni ti ẹ̀kẹta. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń yẹ ojú àti etí ọmọ wò kí wọ́n tó dán òye rẹ̀ wò.

Ìtàn

Ní ọdún 1904, ìjọba ilẹ̀ Faransé yan ìgbìmọ̀ kan láti ṣètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kíláàsì gbogboogbò kò bá mu. Ní ọdún 1905, Alfred Binet àti Théodore Simon gbé ìdánwò òye kan tí ó ní ìbéèrè 30 jáde fún iṣẹ́ yìí. Binet kò ka èsì rẹ̀ sí ohun tí kò lè yí padà. Ó gbà pé ẹ̀kọ́ tí ó bá ọmọ mu lè mú òye rẹ̀ gbòòrò. Nígbà tí Lewis Terman ti Yunifásítì Stanford tún ìdánwò náà ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1916, èsì rẹ̀ di iye kan ṣoṣo tí a mọ̀ sí IQ, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sì wá ń fi iye yìí pín àwọn ọmọ.

Àléébù ọ̀nà yìí hàn gbangba ní ilé-ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ California. Nínú ẹjọ́ Diana ti ọdún 1970, àwọn ọmọ tí èdè Spéènì jẹ́ èdè ilé wọn ni wọ́n ti kó sí kíláàsì àwọn tí òye wọn kò pé, nítorí ìdánwò tí wọ́n ṣe fún wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe ní èdè wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò yẹ kí ó wà níbẹ̀ rárá. Nínú ẹjọ́ Larry P., tí àwọn òbí ọmọ aláwọ̀ dúdú pè ní ọdún 1971, ó hàn pé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìpínlẹ̀ náà lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1979, Adájọ́ Robert Peckham dájọ́ pé wọn kò gbọdọ̀ fi ìdánwò IQ kó àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú sí kíláàsì wọ̀nyẹn mọ́ láìgba àṣẹ ilé-ẹjọ́.

Ní ọdún 1975, Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó fún gbogbo ọmọ àkàndá ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bá wọn mu. Láti ọdún 1990 ni wọ́n ti ń pè é ní IDEA.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Lábẹ́ òfin IDEA, òbí tàbí ilé-ẹ̀kọ́ lè béèrè fún ìgbéléwọ̀n. Ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ òbí kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí ó gba àṣẹ náà, àyàfi bí ìpínlẹ̀ bá ti yan gbèdéke tirẹ̀. Òfin kò fàyè gba pé kí wọ́n gbé ìpinnu ka ìdánwò kan ṣoṣo. Nítorí náà, àwọn olùgbéléwọ̀n máa ń lo oríṣiríṣi ọ̀nà:

Ìdánwò aláfiwé ń fi èsì ọmọ wé ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí.
Ìdánwò orí iṣẹ́ kíláàsì ń wo ohun tí ọmọ mọ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ.
Àkíyèsí ń wo ìṣe rẹ̀ nínú kíláàsì àti ní pápá ìṣeré.
Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú òbí ń fi bí ó ti ń jẹun, wọṣọ àti bá ènìyàn ṣe nílé hàn.

Lẹ́yìn èyí, òbí àti àwọn onímọ̀ yóò jókòó papọ̀ láti pinnu bóyá ọmọ náà yẹ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe. Bí ó bá yẹ, wọn yóò kọ ètò ẹ̀kọ́ tirẹ̀ nìkan, tí a mọ̀ sí IEP. Ó kéré tán, wọ́n gbọ́dọ̀ tún ìgbéléwọ̀n náà yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta, àyàfi bí òbí àti ilé-ẹ̀kọ́ bá fohùn ṣọ̀kan pé kò pọn dandan. Òbí tí àbájáde kò tẹ́ lọ́rùn lè béèrè pé kí onímọ̀ mìíràn tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ èdè

Òfin náà sọ pé èdè tí ọmọ gbọ́ ni kí wọ́n fi ṣe ìgbéléwọ̀n rẹ̀ níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe. Èyí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní òkè òkun. Ọ̀rọ̀ Yorùbá náà «ó» kò fi ìyàtọ̀ sáàárín ọkùnrin àti obìnrin. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọkùnrin pe obìnrin lè máa tẹ̀ lé òfin èdè ilé rẹ̀, kí olùgbéléwọ̀n sì kà á sí àbùkù ọ̀rọ̀ sísọ. Bákan náà, ohùn ni ó ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀. Ìdánwò ìgbọ́ràn tí wọ́n ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní béèrè irú ìyàtọ̀ yìí. Títúmọ̀ ìdánwò nìkan kò tó, nítorí pé ìbéèrè tí ó rọrùn ní èdè kan lè le ní òmíràn.

Ìrọ̀rùn nígbà ìdánwò

Ìrọ̀rùn ni àyípadà tí ó mú ìdènà kúrò láìyí ohun tí ìdánwò ń wọ̀n padà. Lára rẹ̀ ni ìwé Braille, lẹ́tà ńlá, àfikún àkókò, ògbufọ̀ èdè ọwọ́ fún àwọn adití, àti akọ̀wé fún ẹni tí kò lè di kálàmù mú. Ohun tí ìdánwò ń wọ̀n ni ó ń pinnu ohun tí ó tọ́. Bí wọ́n bá ka ìbéèrè ìṣirò sókè fún ọmọ tí ó ní dyslexia, ìmọ̀ ìṣirò rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń wọ̀n. Bí ó bá jẹ́ ìdánwò ìwé kíkà ni wọ́n kà fún un, kì í ṣe ìwé kíkà ni wọ́n wọ̀n mọ́, bí kò ṣe ìgbọ́yé.

Ní Nàìjíríà

Ìlànà Ìjọba Àpapọ̀ lórí Ẹ̀kọ́ ti ọdún 1977 fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe. Ní ọdún yìí kan náà ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún iṣẹ́ yìí. Òfin tí ó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2019, fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ girama. Àjọ WAEC ń pèsè ìbéèrè Braille fún àwọn afọ́jú, àjọ JAMB náà sì ní ètò ọ̀tọ̀ fún ìdánwò wọn.

Ìpèníjà

Ní ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ gbọ́dọ̀ kùnà títí tí àlàfo yóò fi hàn láàárín IQ rẹ̀ àti máàkì rẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé ó ní ìṣòro ẹ̀kọ́. Àtúnṣe òfin IDEA ti ọdún 2004 kò jẹ́ kí ìpínlẹ̀ kankan sọ ọ̀nà yìí di dandan mọ́. Ó fàyè gba pé kí wọ́n tètè ran ọmọ lọ́wọ́, kí wọ́n sì wo bí ó ti ń ṣe sí ìrànlọ́wọ́ náà. Ìpèníjà mìíràn ni orúkọ tí ìgbéléwọ̀n ń fún ọmọ. Òun ni ó ń mú ìrànlọ́wọ́ wá, ṣùgbọ́n ó lè di ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi ń pẹ̀gàn rẹ̀. Ìbẹ̀rù èyí ń mú kí àwọn òbí kan fi ọmọ wọn pamọ́, ọmọ tí a kò sì gbé léwọ̀n, ìrànlọ́wọ́ kò lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.