Ìbátan Òdú ní Erékùṣù Saint Helena

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òdú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko. Síbẹ̀, ìbátan òdú kan wà tí àwọn onílẹ̀ rẹ̀ pàápàá kò fi ojú kàn fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Agbo ilé òdú tóbi púpọ̀. Ìgbá, ata, tòmátì àti tábà, ẹbí kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan nínú ẹbí yìí, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Withania begoniifolia, kò sí níbòmíràn láyé àfi ní Saint Helena, erékùṣù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó Napoleon lọ ní 1815. Igi kékeré ni, òdòdó rẹ̀ funfun, èso rẹ̀ a sì máa wà nínú àpò tí ó bò ó mọ́lẹ̀.

Kí ènìyàn tó dé erékùṣù náà, kò sí ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ń jẹko níbẹ̀. Ní 1502 ni àwọn ará Potogí kàn án. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí a kó ewúrẹ́ débẹ̀, tí wọ́n sì di agbo ńlá inú ìgbẹ́. Ẹni tí ó bá ti sin ewúrẹ́ rí kò nílò àlàyé. Kì í ṣe igi àgbà ni ewúrẹ́ ń pa. Ọ̀jẹ̀lẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí ni ó ń rẹ́ jẹ. Igi àgbà ń kú ní tirẹ̀, kò sì sí àrólé. Bí irú-ọmọ ṣe ń parí nìyẹn, láìsí ariwo.

A ti kà á mọ́ òkú kí Stedson Stroud, ọmọ bíbí erékùṣù náà, tó rí i ní 1998. Ẹyọ kan péré ni ó wà láàyè láàárín àwọn tí ó ti gbẹ. A ṣa irúgbìn, a gbìn ín, a sì ń tọ́jú ọ̀jẹ̀lẹ́ rẹ̀ lójú méjèèjì.

Rírí rẹ̀ kọ́ ni ìgbàlà rẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀, ehoro, eku àti kòkòrò tí ń fa omi ara ewé ṣì ń bá a jà. Èyí tí ó tún le jù ni pé ìyá díẹ̀ ni gbogbo èyí tí ó kù ti jáde wá: àrùn tí ó bá mú ọ̀kan lè mú gbogbo wọn.